Ilé-iṣẹ́ Kó Lọ Sókè Òkun: Òṣìṣẹ́ Tó Kù Sílẹ̀ Ńkọ́?

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ó ti dé ibi tí a kò lè fọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀ mọ́. Ó kan àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ti ilẹ̀kùn pa ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń lọ ṣe ọjà wọn ní ilẹ̀ mìíràn, tí wọ́n sì tún ń kó ọjà kan náà padà wá tà fún wa. Ọjà kò lọ o. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára páálí, ìpolówó rẹ̀ ṣì ń dún lórí rédíò. Iṣẹ́ nìkan ló lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ka díẹ̀ nínú wọn. Ní ọdún 2007, Michelin ti ilé-iṣẹ́ táyà rẹ̀ pa ní Port Harcourt. Nígbà tó di 2008, Dunlop náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà, lẹ́yìn ohun tó ju ogójì ọdún lọ. Látìgbà náà, ẹ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ẹ ń wọ̀ láti Ọjà Ọba lọ sí Táńkẹ̀: bí kì í bá ṣe táyà tuntun láti òkèèrè, á jẹ́ tòkunbọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò gbó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, GSK, tó ti ń ṣe oògùn ní Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1970, kéde pé òun ń palẹ̀ ẹrù òun mọ́. Àgbárá ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Oṣù Kejìlá ọdún kan náà kò tíì parí tí Procter & Gamble, àwọn tó ni Ariel àti Pampers, tí wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ńlá ní Ìbàdàn, fi sọ pé àwọn kò ní ṣe ọjà níbí mọ́, pé kíkó wọlé ni ó kù. Ní 2024 ló kan Kimberly-Clark, àwọn tó ń ṣe Huggies. Ọdún 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé-iṣẹ́ tuntun ní Ìkòròdú. Àwọ̀ ara ògiri rẹ̀ kò tíì ṣá tí wọ́n fi ní ó dàbọ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ Èkó àti Ìbàdàn nìyẹn, kó rántí Jẹ́bbà àti Bàcítà tó wà nínú ìpínlẹ̀ tiwa níbí. Ọdún 1964 ni Bàcítà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣúgà láti inú ìrèké, ọdún 1969 sì ni ilé-iṣẹ́ bébà Jẹ́bbà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́, àwọn ìyá olóúnjẹ, alápatà, télọ̀ àti onímọ́tò, gbogbo wọn ló ń jẹun lára wọn. Àwọn méjèèjì dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lóòótọ́, wọn kò di ẹrù kí wọ́n wọkọ̀ ojú omi bíi ti àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ti rìnrìn àjò. Bébà tí àwọn ọmọ wa fi ń kọ̀wé, òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá; ṣúgà tí a ń pò mọ́ ẹ̀kọ, Bràsíìlì ni ìrèké púpọ̀ nínú rẹ̀ ti hù. Lójú ẹni tí wọ́n fún ní ìwé lẹ́nu géètì, ìyàtọ̀ kò sí níbẹ̀.

Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní àwáwí tiwọn, a kò sì ní sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Iná mànàmáná kò dúró, dísẹ́ẹ̀lì ń jẹ èrè. Ọ̀nà kò dára, ibodè ń gba owó lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí ìjọba tú okùn ọrùn náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024 ó ti wà ní agbègbè ₦1,500. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń ra èròjà rẹ̀ ní òkèèrè mọ̀ bí ìyẹn ṣe dùn tó. Àwa tí a ń bá wọn ṣiṣẹ́ mọ̀ pẹ̀lú, nítorí àwa la máa ń jókòó ti ẹ̀rọ tó kú nígbà tí èròjà kò bá sí.

Ṣùgbọ́n ẹ bá wa wá a wò: nínú gbogbo ìdí wọ̀nyí, èwo ni òṣìṣẹ́ dá sílẹ̀? Òun kọ́ ló sọ iye tí dọ́là yóò jẹ́. Òun kọ́ ló dín owó ibodè táyà kù, tó fi rọrùn láti kó táyà wọlé ju láti ṣe é nílé lọ. Òun kọ́ ló pa iná. Ìjọba ló ṣe àwọn kan, ìjọba ni kò ṣe àwọn kan tó yẹ kó ṣe. Ọlọ́jà wo ọ̀rọ̀ náà, ó ṣírò, ó sì lọ síbi tí èrè gbé wà. Àwọn méjèèjì ló mú ìpinnu, àwọn méjèèjì náà ló sì bọ́ nínú rẹ̀ láìfarapa. Ẹni kẹta tí kò sí nínú ìpàdé ni wọ́n gbé ẹrù náà lé lórí. Ohun tí a ń sọ nìyí: bí ìjọba bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ètò ọjà padà, tí ìyípadà náà sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn, gbèsè ni ìrànwọ́ tó yẹ kó ṣe fún ẹni náà. Kì í ṣe sàárà.

Ẹ máà jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ìwé bo ohun tí ojú ń rí. Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tó dáwọ́ apá kan iṣẹ́ rẹ̀ dúró tó sì ń kó ọjà náà wọlé láti òkèèrè. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n pín ìwé. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, tí àdéhùn wọn wà lákọsílẹ̀, rí nǹkan gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́. Àwọn tí a ń pè ní kásúà, owó oṣù náà nìkan ni wọ́n gbà. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ti lo ọdún mẹ́sàn-án lẹ́nu ẹ̀rọ kan náà. Bí ẹ̀rọ náà bá fẹ́ kọṣẹ́, yóò ti gbọ́ ọ nínú dídún rẹ̀ kí ẹ́ńjíníà tó dé. Kò sí ìwé kan tó fi hàn pé ó mọ iṣẹ́ yìí. Nígbà tó lọ wá iṣẹ́ síbòmíràn, wọ́n béèrè sátífíkéètì. Ọ̀kadà ló ń wà ní Gàá Àkànbí nígbà tí mo rí i gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ ọ̀kadà kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀gàn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ṣòfò dànù, kì í sì í ṣe òun nìkan ló pàdánù rẹ̀; ìlú náà pàdánù rẹ̀.

Nísinsìnyí, kí ni òfin sọ? Òfin Iṣẹ́ tí ìjọba ológun ṣe ní 1974 ló ṣì ń darí wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 20 rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ nípa òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé òṣìṣẹ́ ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Ó ní ọ̀gá gbọ́dọ̀ sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn ohun tó fa á àti iye ènìyàn tí yóò kàn. Ó ní ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ, àfi bí ìmọ̀ iṣẹ́, agbára àti ìṣòótọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan bá fa ìyàtọ̀. Lórí owó, ó ní kí ọ̀gá sa gbogbo ipá rẹ̀ láti bá wọn dúnàádúrà owó ìdádúró. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Kí ó sa ipá rẹ̀. Òfin kò sọ iye, kò sọ ọjọ́, kò sọ pé dandan ni. Ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ lágbára yóò gba nǹkan; ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ yóò gba ọwọ́.

Abala 20 yìí kan náà ní ohun mìíràn nínú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà. Ó fún Mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní àṣẹ láti ṣe ìlànà tí yóò sọ owó ìdádúró di dandan, yálà fún gbogbo òṣìṣẹ́ tàbí fún ẹ̀ka iṣẹ́ kan pàtó. Kò nílò ilé aṣòfin. Kò nílò àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Bíírò àti àga ìjókòó Mínísítà tó. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí àṣẹ yìí ti wà nínú ìwé. Ìjọba ológun wá, ó lọ. Ti alágbádá dé. A kò rí ìlànà tó kárí gbogbo òṣìṣẹ́. Ó dà bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ àká lápò tó ń wo àwọn tí ebi ń pa.

Àwọn kan lè sọ pé, ṣé kò sí owó ìfẹ̀yìntì ni? Ó wà. Òfin Ìfẹ̀yìntì ti 2014 gbà pé ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, lè gba ohun tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń gba ₦70,000, tí í ṣe owó oṣù tó kéré jù tí wọ́n fi òfin lélẹ̀ ní 2024, bí wọ́n bá ń san ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún fún un, ìyẹn ìdá 8 láti ọwọ́ tirẹ̀ àti ìdá 10 láti ọwọ́ ọ̀gá, ₦12,600 ló ń wọlé lóṣù. Lọ́dún márùn-ún, láìka èlé, ₦756,000 nìyẹn. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ ₦189,000. Kò tó owó oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn tó ti fi ebi dúró oṣù mẹ́rin kó tó rí i gbà. Owó ara rẹ̀ náà sì ni, owó ọjọ́ ogbó, tó ń jẹ lójú ọ̀sán. A kò lè pe ìyẹn ní ìrànwọ́ ìjọba.

Owó kan tún wà tí àwọn ọ̀gá wa ń san lórí wa. Ilé-iṣẹ́ Industrial Training Fund, ITF, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971, ń gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù láti fi kọ́ òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́. NSITF náà ń gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lábẹ́ òfin 2010, ṣùgbọ́n ìyẹn wà fún ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tó kú, tàbí tí iṣẹ́ kó àìsàn bá. Bí ẹ̀rọ bá gé ọ níka, NSITF wà fún ọ. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ náà lọ sí òkè òkun, tí ìka rẹ̀ pé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí kò sì sí ohun tí wàá fi wọ́n ṣe, kò sí àpò kankan tó mọ̀ ọ́.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn ti ronú kan ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1962, nígbà ìjọba Kennedy, wọ́n fi sínú òfin òwò wọn pé òṣìṣẹ́ tí ọjà òkèèrè bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò rí ìrànwọ́ gbà. Wọ́n mú un gbòòrò ní 1974. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ yé mẹ̀kúnnù: òṣìṣẹ́ mẹ́ta péré lè kọ̀wé pọ̀, tàbí kí yúníọ̀n kọ ọ́ fún wọn, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ yóò sì ṣe ìwádìí bóyá lóòótọ́ ni iṣẹ́ náà bọ́ nítorí ọjà òkèèrè. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìjọba yóò san owó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tuntun, yóò máa fún wọn ní owó ọ̀sẹ̀ bí wọ́n ti ń kọ́ ọ, yóò sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kó lọ síbi tí iṣẹ́ gbé wà. A kò sọ pé ètò náà kò ní àbùkù. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ pè é ní owó ìsìnkú, nítorí pé iṣẹ́ ti kú kó tó dé. Ní oṣù Keje ọdún 2022 sì ni àṣẹ tó fi ń gba ẹ̀bẹ̀ tuntun parí, tí ilé aṣòfin wọn kò tún un ṣe. Síbẹ̀, ọgọ́ta ọdún ló fi wà, a kò sì tíì ní irú rẹ̀ fún ọgọ́ta ọjọ́ níbí.

Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù náà dá àpò tiwọn sílẹ̀ ní 2006. Nígbà tí Nokia ti ilé-iṣẹ́ fóònù rẹ̀ pa ní Bochum ní Jámánì ní 2008, tó sì kó iṣẹ́ lọ sí Romania, àpò yìí ni wọ́n fi ran àwọn tó kù sílẹ̀ lọ́wọ́ láti kọ́ iṣẹ́ àti láti wá òmíràn. Ẹ gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà: nígbà tó di 2011, Nokia tún pa ti Romania tì, ó kọrí sí Éṣíà. Ẹni tó gba iṣẹ́ rẹ lónìí, ẹlòmíràn ń bọ̀ wá gba tirẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi ní bínú sí òṣìṣẹ́ Íńdíà tàbí ti Ṣáínà tó ń ṣe ohun tí a ń ṣe tẹ́lẹ̀. Òṣìṣẹ́ ni òun náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní àwọn olówó ayé ni mo ń kà, ẹ jẹ́ kí a wá sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ní South Africa, òṣìṣẹ́ ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ń san ìdá kan, sínú àpò tí wọ́n ń pè ní UIF. Bí iṣẹ́ bá bọ́ láìjẹ́ pé òun ló kọ̀wé fi í sílẹ̀, yóò máa gba apá kan owó oṣù rẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà kan, gẹ́gẹ́ bó ti ṣe san án sí. Ẹ fi ìyẹn wé tiwa. Ìdá kan nínú ₦70,000 jẹ́ ₦700. Bí ọ̀gá bá fi ₦700 kún un, ₦1,400 nìyẹn lórí ẹnì kan lóṣù. Ilé-iṣẹ́ tó ní ọ̀ọ́dúnrún òṣìṣẹ́ yóò dá ₦420,000 lóṣù, ₦5,040,000 lọ́dún. Kì í ṣe owó ńlá, ṣùgbọ́n ẹ so ó pọ̀ mọ́ ti gbogbo ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà kí ẹ wo ohun tí yóò dà.

Mo mọ ohun tí ẹ̀ ń sọ lọ́kàn, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ sí mi létí ní kántíìnì: wọ́n tún fẹ́ yọ owó lára wa? Owó orí ń yọ, ìfẹ̀yìntì ń yọ, yúníọ̀n ń yọ, kí ni yóò kù fún àwọn ọmọ? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Èrò tiwa ni pé kí ọ̀gá àti ìjọba kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ tiwọn. Ìjọba ń gba owó ibodè lórí ọjà tó ń wọlé; ìdá kékeré nínú owó ibodè ọjà tí a ti ń ṣe nílé tẹ́lẹ̀ rí lè bẹ̀rẹ̀ àpò náà. Bí ọṣẹ tó ń ti òkè òkun wọlé bá ti lé ọlọ́ṣẹ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò burú kí ọṣẹ náà san díẹ̀ fún ọlọ́ṣẹ. Ohun kejì tí wọ́n ń sọ ni pé wọn yóò jẹ owó náà. Ìyẹn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fọwọ́ gbá sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí a fi ní aṣojú òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ọ, kí wọ́n sì máa tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde lọ́dọọdún kí olówó lè rí i.

Ẹni tó bá sì ní ìjọba Nàìjíríà kò lè fi owó sí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, ẹ rán an létí ọdún 2020. Nígbà àrùn kòrónà, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò Survival Fund kalẹ̀, nínú èyí tí wọ́n ti san owó, tó tó ₦50,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta, fún òṣìṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké, títí kan àwọn olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni. Sínú àkáǹtì òṣìṣẹ́ gan-an ni owó náà ń lọ. Wọ́n rí orúkọ, wọ́n rí nọ́ńbà báńkì, owó sì wọlé. Ohun tí wọ́n ṣe nítorí àrùn, kí ló dé tí wọn kò lè ṣe é nítorí ilé-iṣẹ́ tó lọ?

Kì í ṣe pé ìjọba kò tilẹ̀ ṣe ìrànwọ́ rárá. Ó ń ṣe é, ọ̀dọ̀ olówó ilé-iṣẹ́ ni ó máa ń gbà. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ Kàdúná ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, tí UNTL fi ti ilẹ̀kùn ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, ìjọba gbé ₦100 bílíọ̀nù kalẹ̀ nípasẹ̀ Bank of Industry fún ẹ̀yáwó ilé-iṣẹ́ òwú àti aṣọ. UNTL tún ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín 2007 sí 2010, kí ni ẹni tó ń wun aṣọ níbẹ̀ ń jẹ? Ta ló san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀? Ọdún mẹ́ta gùn nílé aláìníṣẹ́. Lẹ́yìn tí GSK lọ, tí owó oògùn ikọ́ fée gbé pẹ́ẹ́lí tí àwọn alárùn náà fi ń sunkún, ìjọba kéde ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 pé òun yọ owó ibodè kúrò lórí èròjà oògùn. Ìyẹn náà dára fún ẹni tó ní ilé-iṣẹ́. Nínú ìkéde náà, a kò gbọ́ nǹkan kan nípa ẹni tó ti ń po oògùn náà fún ogún ọdún.

Ohun tí ẹ̀ka wa ń béèrè kò pọ̀. Ó ṣe pàtàkì jùlọ pé kí Mínísítà lo àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú Abala 20, kó sọ owó ìdádúró di dandan, kó sì fi iye tó kéré jù lélẹ̀. Àwa dá a lábàá pé kó má ṣe dín ní owó oṣù kan lórí ọdún kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn fi ṣiṣẹ́, kásúà pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ lọ sókè òkun kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ kan kúrò nílẹ̀ títí yóò fi san owó yìí tán. Ó ṣòro láti lé ẹni tó ti wọkọ̀ òfúrufú bá. Kí ITF àti NDE, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1986 láti gbógun ti àìríṣẹ́ṣe, ṣí ilẹ̀kùn wọn fún àgbà òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n dán ìmọ̀ ọwọ́ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì fún un ní sátífíkéètì ohun tó ti mọ̀. Gbogbo ètò ìkọ́ṣẹ́ ló ń pe ọ̀dọ́, ọ̀dọ́, ọ̀dọ́. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta náà ń jẹun. Ìlọrin níbí ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ Michael Imoudu National Institute for Labour Studies sí, ilé ẹ̀kọ́ tó wà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ jókòó ro ọ̀rọ̀ yìí já, wọn kò ní láti wá gbọ̀ngàn kiri. Ìjọba Kwara náà ní ètò adójútòfò ìlera. Kí wọ́n fi ẹni tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kógbá wọlé, àti ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, sínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan. Àìsàn kì í dúró de ìgbà tí baba yóò ríṣẹ́.

Kí ìyẹn tó dé, ẹ̀yin ará, iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí kò bá tíì rí ìwé àdéhùn tó wà láàárín yúníọ̀n àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, kó wá kà á lọ́dọ̀ aṣojú rẹ̀, kó wo bóyá owó ìdádúró wà nínú rẹ̀, kó wo iye rẹ̀. Bí kò bá sí, kí a tètè mọ̀, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá gbé páálí sórí ọkọ̀ kọ́ ni a ń bẹ̀rẹ̀ dúnàádúrà. Ẹ tọ́jú ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín àti ìwé owó oṣù, kì í ṣe abẹ́ ìrọ̀rí tí eku yóò jẹ ẹ́. Ẹ lọ bi àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín bóyá ọ̀gá ń san án. Nígbà tí ọ̀gá bá wà nítòsí ni a ń bi í, kì í ṣe nígbà tó bá dé London. Bí wọ́n bá sì gbé ìwé wá pé o ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ pátápátá, má ṣe fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kí ebi náà pọ̀ tó. Mú un wá kí a kà á pọ̀. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, National Industrial Court, wà fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí o ti fọwọ́ sí ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé sí ọ níwájú.

Akọ̀wé ẹ̀ka wa ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Mínísítà lórí Abala 20, ẹ̀dà rẹ̀ yóò sì lọ sọ́dọ̀ àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Kwara. Ó wà lórí tábìlì ní yàrá yúníọ̀n. Àyè ìfọwọ́sí pọ̀ nínú rẹ̀, ti kásúà wà lọ́tọ̀ kí a lè mọ iye wọn. Ẹni tí kò lè kọ̀wé, yíǹkì ìtẹ̀ka wà níbẹ̀. A fẹ́ mú un kúrò nílẹ̀ kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó pé.